Ọba Tí Wọ́n Fọ́ Lójú ní Pálọ̀ Wa

Ìyá mi ni ìkà inú ìtàn yìí. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri. Ó ti kú, kí Ọlọ́run forí jì í, ṣùgbọ́n ikú kì í pa ohun tí èèyàn ṣe rẹ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, kì í kúkú ṣe ẹni rere náà. Ìkà méjì ni wọ́n, wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan ní Moshie Zongo ní Tamale, ọ̀kan jẹ́ ìyàwó ilé, èkejì jẹ́ ọmọ ilé, èmi sì ni ọmọ tó dàgbà sáàárín wọn. Bí ẹ bá gbọ́ ìbínú nínú bí mo ṣe ń sọ ọ́, ibẹ̀ ló ti wá.

Ará Ìlọrin ni wá. Bàbá bàbá mi ló gbé kéwú wá sí Tamale, ó kọ́ ọmọ Dàgọ́mbà àti ọmọ Háúsá ní Kùránì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bàbá mi kò ṣe àfáà ní tirẹ̀. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ló ń tà, nítorí ní Tamale ìgbà náà, ẹni tí kò bá ní kẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ sí arọ. Ṣùgbọ́n ó di àṣà bàbá rẹ̀ mú lórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹlẹ́hàá ni ìyá mi. Ó lè pẹ́ gan-an kó tó tẹ títì, àwọn obìnrin àdúgbò ló ń wá bá a nílé, ohun tó sì mọ̀ nípa Tamale kò ju ohun tí èèyàn lè rí láti ojú fèrèsé lọ.

Àǹtí kò sí ní ẹ̀há. Ó ti lọ́kọ rí ní Kùmásí, ọkọ náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì di dálémosú. Ó padà wá sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àpótí onírin kan àti ẹnu tó mú ju abẹ lọ. Ẹ kúkú mọ bó ṣe rí nílé Yorùbá. Ọmọ ilé lọkọ, ì báà jẹ́ obìnrin, ì báà jẹ́ ọmọ àná. Ìyá mi ju Àǹtí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí i láràárọ̀: “Ẹ káàárọ̀ o, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ mi.” Bí ìyàwó ṣe ń pe ọmọ ọkọ tí ojú rẹ̀ bá dára nìyẹn. Ojú Àǹtí sì dára lóòótọ́, ó tóbi, ó funfun báláú. Àǹtí á fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí á fi run orín tán, á tutọ́, á wá sọ pé, “Dìde.”

Ọbẹ̀ tí ìyá mi bá sè, Àǹtí á fi ṣíbí rò ó kiri nínú àwo, á ní, “Ìyàwó, ṣé kí n mu ún ni, àbí kí n fi fọ ẹsẹ̀?” Bí àlejò bá wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ á tún lọ sókè sí i. Lẹ́yìn mi, ìyá mi bí ọmọkùnrin kan tí kò ké. Ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín. Nígbà tó di ọjọ́ tí à bá sọ ọmọ náà lórúkọ, ìyá mi wà ní ilé ìdáná, ó ń ro tùwó. Àǹtí jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Ó ní, “Kò yé mi o, wallahi. Ṣé ikùn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ni, àbí itẹ́ òkú?” Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo wà. Ó ń ro tùwó náà lọ, ó ń rò ó lọ, títí tó fi jóná mọ́ ìkòkò. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé wọn yóò san án fún Àǹtí lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí iná ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dáadáa ní Tamale, bàbá mi ra tẹlifíṣọ̀n kan àti dẹ́ẹ̀kì fídíò. Ilé fídíò pọ̀ ní Zongo nígbà náà, fíìmù Íńdíà sì ni tọmọdé tàgbà ń wò, ṣùgbọ́n obìnrin ilé wa kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bàbá mi kò sì fẹ́ kí ijó àwọn ará Íńdíà wọ ilé àfáà. Lọ́jọ́ kan ó ti Kùmásí dé, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀. Àwòrán ara páálí rẹ̀ ló wò tó fi rà á: ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà lórí ẹṣin funfun, ó wé láwàní, ó fa idà yọ. Bàbá mi gbà pé ẹni tó bá dá irùngbọ̀n sí, tó wé láwàní, tó tún ń jagun lórí ẹṣin, mùsùlùmí òdodo ni, kò tún lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ó ní ìtàn jihádì ni. Ó ní ká máa wò ó, a ó rí ẹ̀kọ́ kọ́.

Kì í ṣe ìtàn jihádì. Ìtàn ọba ilẹ̀ Íńdíà kan láyé àtijọ́ ni, ọba abọ̀rìṣà, tí súlútáànì kan kó ogun wá bá láti ẹ̀yìn òkè. Súlútáànì náà gan-an ni mùsùlùmí ibẹ̀. Àǹtí nìkan ló tètè mọ̀, torí ó ti wo fíìmù Íńdíà púpọ̀ ní Kùmásí. Kì í ṣe pé ó gbọ́ èdè wọn o, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí bàbá mi bá fi lè mọ ohun tó rà, inú iná ni kásẹ́ẹ̀tì náà ń lọ. Ló bá gbẹ́nu lé e, ó ń sọ fíìmù náà fún wa bó ṣe wù ú.

Obìnrin Dàgọ́mbà kan wà ní ilé kejì sí tiwa, ó gbọ́ Yorùbá bíi tiwa, ó sì fẹ́ràn ẹṣin torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń gun ẹṣin níbi ọdún Dáḿbà. Òun ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀.

“Àǹtí, kí ló dé tí ọba ń lu agogo níwájú òkúta?”

“Ó ń pe àwọn ọmọ kéwú ni.”

“Ẹni burúkú yìí ńkọ́? Ó dà bíi pé ó ń kírun.”

“Kírun kẹ̀? Haba! Òrùka rẹ̀ ló jábọ́, ó ń wá a nílẹ̀.”

Bàbá mi, tó jókòó sórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, mi orí. Ó ní, “Ọlọ́run ló gba òrùka náà lọ́wọ́ ẹ̀.” Ojú gbogbo wọn ló rí i, ṣùgbọ́n ẹnu Àǹtí ni wọ́n gbà gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo ti di ìyálọ́mọ kí n tó mọ̀ pé ọ̀tá là ń gbè lẹ́yìn ní gbogbo ìgbà yẹn.

Bí fíìmù náà ṣe lọ nìyí. Ọba náà ní ìlú olódi kan lórí òkè, ó sì ní ẹṣin funfun kan tí òun nìkan ń gùn. Súlútáànì dó ti ìlú náà títí, kò rí i wọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọba tó ń jowú rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn odi fún ọ̀tá. Wọ́n mú ọba, wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà láàárín ọjà, wọ́n wá fi irin gbígbóná yọ ojú rẹ̀ méjèèjì. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ kó tó kú. Ó ní ẹṣin òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé e sórí ẹṣin, wọ́n dè é mọ́ ọn pẹ̀lú okùn kí wọ́n lè rí i bí yóò ṣe máa fẹsẹ̀ ẹṣin gbá ilé gbá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n súlútáànì rẹ́rìn-ín jù, ọba sì gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó darí ẹṣin sí ibi tí ẹ̀rín ti ń wá, ó tẹ súlútáànì mọ́lẹ̀, òun àti ẹṣin sì já bọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n kú.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan la ní, òun là ń wò ṣáá. Kò sí ibi tí Àǹtí kì í sọ nínú rẹ̀, àfi ibì kan. Bí wọ́n bá ti gbé irin wọ iná, á dákẹ́. Ariwo ọba nìkan la máa ń gbọ́, à á máa wojú ara wa. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Ojú rẹ̀ ló ń lọ. Ó ti ń lọ láti Kùmásí, ó sì ń fi pamọ́. Èmi kọ́kọ́ rí i pé ó ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Ó ní kí n máa bá òun fi òwú sójú abẹ́rẹ́, torí pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Bó bá ń lọ sẹ́yìnkùlé, á jẹ́ kí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ máa ra ògiri bíi pé ó kàn ń ṣeré. Ìyá mi rí i ju bí mo ṣe rí i lọ, torí ẹni tó kórìíra èèyàn ló ń wò ó jù.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Á sún búútà àlùwàlá rẹ̀ kúrò níbi tó ń wà, díẹ̀ báyìí, á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa wo ọwọ́ Àǹtí bó ṣe ń wá a kiri nílẹ̀. Á gbé àpótí ìjókòó sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Àǹtí á kọsẹ̀, á bú èmi pé mo ń gbé nǹkan jù sílẹ̀ kiri, ìyá mi á sì bá a bú mi. Lọ́jọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, ìyá mi wá kí Àǹtí. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró ṣánṣán síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ mi.” Àǹtí run orín rẹ̀ títí, ó tutọ́, ó ní, “Dìde.”

Ìyá mi wò mí. N kò rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí, ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ kò mú un wá. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà lọ, kò kúnlẹ̀ mọ́. Ìgbà mìíràn á tiẹ̀ yọ ahọ́n sí i. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Bí mo bá sọ fún Àǹtí, mo ti tú àṣírí pé mo mọ̀ pé kò ríran.

Àkókò yẹn ni ọkọ tuntun yọjú. Akọ̀wé ìjọba ni, ó ń gbé ní ilé ẹ̀sítéètì ní Kalpohin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Gánà, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ó rí Àǹtí níbi ìkómọ kan, ó rí ojú funfun báláú náà, ó ní òun ti rí aya. Bàbá mi dunnú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà tó jẹ́ obìnrin nìkan ló kù tí yóò wá wo Àǹtí, torí òun ló tọ́ ọ dàgbà, ohun tó bá sì sọ labẹ gé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún Àǹtí. Bí nikáà bá fi lè so, ó ní ilé tirẹ̀, ó ní ọkọ, kò sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n tí yóò máa sún búútà rẹ̀. Bí kò bá so, dálémosú tí ojú rẹ̀ ń fọ́, ta ló tún máa wá a wá? Ó pinnu pé òun á fi ojú náà pamọ́ títí wọ́n á fi so yìgì, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ wá ṣẹlẹ̀ nílé ọkọ. Ẹ̀tàn ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó rí i ṣe, n kò ní purọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni obìnrin Kalpohin náà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Àǹtí pe ìyá mi. Ó ní, “Ìyàwó, wá bá mi lé tìróò.” Ìyá mi wá. Ó di àgbọ̀n Àǹtí mú, ó lé tìróò náà sí i lójú méjèèjì, ó rọra ń lé e, kò jẹ́ kó ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Wọ́n á rí yín, ojú á sì tì wọ́n pé wọn ò tètè wá.” Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó rẹ́rìn-ín sí ìyá mi láìfi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àlejò náà sanra, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì wọ ìgò ojú. Ó jẹ awó díndín, ó mu sóbólò, ó yin ọwọ́ ẹni tó sè é. Nígbà tó yá ó ní, “Wọ́n ní o mọ fíìmù sọ, àbúrò mi. Èmi ò rí ti ọba yìí rí o. Tó, sọ ọ́ fún mi ká gbọ́.” Bàbá mi ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Obìnrin Dàgọ́mbà ilé kejì wà níbẹ̀, èmi wà lórí ẹní, ìyá mi sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ń ṣọ́ dẹ́ẹ̀kì kó má baà jẹ kásẹ́ẹ̀tì.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀. Ohùn ló ń tẹ̀ lé, ó ti mọ̀ ọ́n sórí: bí fèrè bá dún, ọba ń jáde bọ̀, bí pátákó ẹṣin bá dún lórí òkúta, ó ti dé ẹnu odi. Àlejò ń mirí, ó ń sọ pé, “Kai! Kai!” Inú mi ń dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti bọ́.

Mo wá rí ọwọ́ ìyá mi. Ó ti wà lórí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ àwòrán kù. Ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Òkè olódi náà ṣókùnkùn, àwọn èèyàn rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹṣin funfun ló kẹ́yìn, òun náà sì lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Ohùn nìkan ló kù. Obìnrin Dàgọ́mbà la ẹnu, ìyá mi fi ìka lé ètè sí i.

“Ẹ wò ó,” Àǹtí ní, ó nawọ́ sí òkùnkùn náà. “Ẹ wo bí ẹṣin náà ṣe funfun! Ẹ wo ọba, ẹ wo aṣọ àrán tó wọ̀. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń wò wá báyìí!”

Àlejò bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ìyá mi, ó wo Àǹtí. Ó wá dìde ní pẹ̀lẹ́, ó ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú ojú tí wọ́n lé tìróò sí. Ojú náà kò ṣẹ́. Àǹtí ṣì ń sọ àwọ̀ gàárì ẹṣin fún un.

N kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, “Àǹtí, àwòrán ti lọ! Ó ti pẹ́ tó ti lọ!”

Ìyá mi fún mi léèékánná nítan, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Àǹtí dákẹ́. Inú òkùnkùn tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n ti mú ọba, iná ń jó wáwá, a sì mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ gbé irin. Ibi tí kì í sọ la dé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ariwo ọba, ó sì gbẹ́nu lé e fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó ní, “Irin ti pọ́n. Wọ́n ń gbé e bọ̀. Ẹ̀yin rò pé ọ̀tá ló mú un dání? Rárá o. Ọ̀tá kò mọ ibi tí ọba ń sùn sí, kò mọ ibi tó ń gbé búútà rẹ̀ sí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú irin náà dání. Òun ló kọ́kọ́ lé tìróò fún un.” Ó mí kanlẹ̀. Ó wá yí ojú sí ibi tí ìyá mi jókòó sí gan-an. “Ìyàwó, tan àwòrán padà fún àlejò wa.”

Ìyá mi tàn án. Àlejò kò jókòó mọ́. Ó ní iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún òun ní Kalpohin, ó dì mọ́ Àǹtí nígbà tó ń dágbére, ó sì ń pè é ní àbúrò mi, àbúrò mi. Nígbà tó ṣe, wọ́n ránṣẹ́ wá pé àwọn ti ṣe isitihárà lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí Ọlọ́run fi hàn àwọn kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọlúàbí ń sọ pé a kò ṣe mọ́. Ọlọ́run kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ìyá mi ló sọ fún wọn.

Bàbá mi gbé Àǹtí lọ bá dókítà ojú. Dókítà ní ojú náà kò ní là mọ́, ì bá ṣe pé ó tètè wá ni. Obìnrin Dàgọ́mbà ló sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún bàbá mi, torí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Bàbá mi kò na ìyá mi, kò sì lé e. Ó pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pálọ̀. Ó sọ fún ìyá mi pé, “Ìwọ lo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé kò ríran. Ó dára bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, ìwọ ni ojú ẹ̀. Ibi tó bá ń lọ, ìwọ lo máa mú un lọ. Ọjọ́ tó bá ṣubú nínú ilé yìí, ọjọ́ náà lo máa padà sílé bàbá ẹ ní Ìlọrin.”

Àǹtí ní, “Mo mọ̀ pé kì í kúnlẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn ẹni tó bá kúnlẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá. Tiẹ̀ ń ti òkè bọ̀ láti ìgbà òjò.”

Ibẹ̀ ni òye ti wá yé ìyá mi, mo rí i lójú rẹ̀. Ká ní ó mú sùúrù títí wọ́n fi so yìgì, ẹrù Àǹtí á ti wà ní Kalpohin, ìkúnlẹ̀ á ti tán láyé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí bọ́tìnì, tó so Àǹtí mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Inú mi dùn, mo sì sunkún.

Ó wá dàṣà. Láràárọ̀, ìyá mi á kúnlẹ̀, Àǹtí á na ọwọ́, á fi kan orí rẹ̀ kó lè mọ̀ bó ṣe ga tó sílẹ̀. Á wá run orín rẹ̀. Ìyá mi á mú un lọ sílé ìgbẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fọ̀ ọ́, á tún mú un bọ̀. Bí wọ́n bá kírun Àsárì tán, Àǹtí á ní, “Fi ọba mi sí i.” Ìyá mi á fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, á jókòó, á máa sọ ohun tó ń rí. Bó bá fo ibì kan, Àǹtí á ní kó dá a padà sí ẹnu odi, kó tún un sọ. Bí wọ́n bá dé ibi irin, Àǹtí á bi í pé, “Ta ló mú un dání?”

“Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.”

“Máa bá a lọ.”

Nígbà tó yá, dẹ́ẹ̀kì jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fa okùn rẹ̀ jáde bí ìfun adìyẹ. Tẹlifíṣọ̀n náà kú tẹ̀ lé e, bàbá mi kò sì rówó tún un ṣe, torí ọjà kò lọ déédéé mọ́. Ìyá mi tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀, ó gbé ìgò òdòdó oníke lé e. Mo rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ kan náà, Àǹtí kírun Àsárì tán, ó jókòó sí ààyè rẹ̀.

“Fi ọba mi sí i.”

“Tẹlifíṣọ̀n ti kú, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ mi.”

“Mo mọ̀. Mo gbọ́ nígbà tó kú. Èmi náà sọ ọ́ fún yín níwájú òkú tẹlifíṣọ̀n rí. Jókòó.”

Ìyá mi ká aṣọ kúrò, ó jókòó síwájú dúdú náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí fèrè dún. Mo ti délé ọkọ ní Jisonayili nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá wá kí wọn ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: ẹṣin ti ń bọ̀, ó funfun, ọba wọ àrán. Bàbá mi á wà níta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, kì í wọlé títí wọ́n á fi parí. Àǹtí kò ṣubú rí nínú ilé náà. Ìyá mi kò jẹ́ kó ṣubú.

Inú ló ń run ìyá mi tó fi kú. Kò pẹ́ rárá lórí àìsàn náà. Àǹtí ní kí n mú òun dé ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ìka wá ojú ìyá mi, ó rọra tẹ ìpéǹpéjú méjèèjì bíi pé kò dá a lójú pé wọ́n ti pa dé. Mo retí pé á sọ pé ó ti forí jì í. Ó ní, “Wọ́n ti fẹ́ máa gbé omi bọ̀, mú mi jáde.”

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúà fídáù tán, tí àwọn èèyàn ti lọ, mo ń kó àwo jọ ní pálọ̀. Àǹtí kírun Àsárì, ó jókòó sí ààyè rẹ̀, ó yí ojú sí ibi tí mo wà.

“Ìwọ. Jókòó. Fi ọba mi sí i.”

Mo lè lọ. Mo ní ọkọ, mo ní ọmọ, kò sí àṣẹ bàbá mi lórí mi mọ́. Mo ká aṣọ kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó síbi tí ìyá mi ń jókòó sí. Mo ti gbọ́ ọ tó, n kò fo ibì kankan. Fèrè dún, ẹṣin bọ̀, ẹ̀gbọ́n ọba ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n mú ọba, wọ́n dáná, irin pọ́n.

“Ta ló mú un dání?” Àǹtí bi mí.

Mo ní, “Ìyá mi ni.”

Ó mi orí. “Máa bá a lọ,” ó ní, “ẹṣin ń dúró.”